Akéde Tó Wà Lábẹ́ Àga

Òórùn káńfọ̀ àti bébà àtijọ́ ló máa ń kún yàrá iwájú ilé náà, ọ̀kan lára àwọn ilé bíríkì tó wà nítòsí pápá ìṣeré Mayesbrook. Bí o bá ti wọlé, káńfọ̀ yẹn lo máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni òórùn ata díndín tí ọmọ Bàbá ti dín sílẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ á wá bá ọ láti ilé ìdáná, àwọn méjèèjì á sì dàpọ̀ mọ́ ooru híítà tí Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa, ì báà jẹ́ oṣù kẹfà. Títí di òní, bí mo bá ṣí àpótí aṣọ tí káńfọ̀ wà nínú rẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rántí ohun tó fà á. Mo ń sọ èyí kí o má baà rò pé mo fẹ́ ṣe ìtàn náà lóge fún ọ. Ojú mi rí màbo lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn.

Ìyá Ìjọ wa ló rán mi síbẹ̀. Nígbà yẹn, mo ń ta bàtà ní Vicarage Field láti òwúrọ̀ títí di aago kan, mo sì ń gbé ní Gascoigne, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé alájà tí wọn ò tíì wó, tí eruku àwọn tí wọ́n ti wó ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa jẹun. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday kan, bí mo ṣe ń ká aṣọ funfun mi, Ìyá Ìjọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé ìwọ lo sọ pé o ṣe akọ̀wé ní Abẹ́òkúta?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bàbá tíṣà tó máa ń jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ó ní ìwé kan tó fẹ́ kọ, kò sì rẹ́ni bá a type ẹ̀. Tuesday àti Thursday péré ni. It won't take long.”

Ọ̀rẹ́ mi, ó gbà mí tó ọdún kan. Mo sì mọ̀ pé Ìyá Ìjọ mọ̀ bí ó ṣe máa rí, torí pé bí ó ṣe sọ̀rọ̀ tán ló ti yíjú sí ẹlòmíràn kí n tó lè sọ pé mi ò ráyè.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá jẹ́ fún ọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Látìn àti èdè Gíríìkì, láyé ìgbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nílé. Nígbà tí wọn ò kọ́ àwọn èdè náà mọ́, wọ́n ní kó máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú un wá sí London. Ó kó aṣọ sínú àpò kan, ó kó ìwé sínú mẹ́ta. Láàárín àwọn ìwé yẹn ni páálí kan wà tó fi okùn dì, tó gbé lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Ìkẹjà títí dé ibí, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé.

Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú páálí náà. Mẹ́dọ́nì. Láti ìgbà tí Bàbá ti wà lọ́dọ̀ọ́, níbikíbi tó bá ti bá orúkọ yìí pàdé nínú ìwé àtijọ́, á kọ ọ́ sórí káàdì: inú ìwé wo, orí ìlà wo, ta ni baba onítọ̀hún, kí ló ṣe, báwo ló ṣe parí. Kì í ṣe orúkọ akọni kankan o. Orúkọ ẹni tí wọ́n máa ń dá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí ìtàn á sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú ewì ogun kan, Mẹ́dọ́nì jẹ́ ọmọ àlè ìjòyè, ó pa ìbátan ìyàwó baba rẹ̀, ó sá kúrò nílé, ó wá di ẹni tó ń kó ọmọ ogun olórí mìíràn lẹ́yìn kí ọ̀tá tó pa á. Nínú ìwé arìnrìn-àjò kan, ọmọ ọba ni, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ rọ, àbúrò rẹ̀ sì ní òun ò lè jẹ́ kí arọ jọba lé òun lórí. Nínú ìwé àwọn ará Róòmù, atukọ̀ ni, òrìṣà bínú sí i, ó sọ ọ́ di ẹja lójú agbami. Mo bi Bàbá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ṣé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Ó wò mí bí ìgbà tí mo béèrè bóyá ìyá kan náà ló bí gbogbo Òjó tó wà nílùú Ìjẹ̀bú.

Ìtumọ̀ orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ, ni ẹni tó ń ṣàkóso. O mọ̀ bí àwa náà ṣe gbà pé orúkọ máa ń bá ẹni tó ń jẹ́ ẹ ṣiṣẹ́, tí bàbá àti ìyá fi máa ń ro ọ̀rọ̀ dáadáa kí ọjọ́ ìkómọjáde tó pé. Bàbá ní òun ti fi ojú ọmọ Yorùbá wo orúkọ àwọn Gíríìkì yìí, òun sì ti rí ohun tí àwọn òyìnbó tó ń fi gbogbo ayé wọn kà á ò rí: pé iṣẹ́ òdì ni orúkọ yìí ń ṣe. Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ alákòóso yìí, ẹlòmíràn ni wọ́n ń sìn, ikú burúkú ló sì ń pa wọ́n, àfi arọ yẹn nìkan, tó padà jọba. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè àtijọ́ kan wà tó ń tẹ ìwé kékeré jáde, wọ́n ní àwọn á wo iṣẹ́ rẹ̀ bó bá lè tẹ àwọn lọ́wọ́ kí oṣù kìíní tó parí. Dókítà sì ti sọ fún un pé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ ò ní pé lọ. Nínú gbogbo ọdún tó fi kàwé, wọn ò tíì tẹ ohun kan tó kọ jáde rí.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré,” ó sọ fún mi. “Kí orúkọ mi wà lábẹ́ nǹkan kan, kí ojú mi ṣì lè rí i.”

Ohun tó jẹ́ kí n máa padà lọ nìyẹn, torí pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sú mi kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Bàbá ò mọ̀ pé ó lè rẹ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ti ibi tí mo ti ń kúnlẹ̀ wọ bàtà fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wíwú dé, màá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, Bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ fún mi pẹ̀lú kọ́mà àti fúlísítọ́ọ̀pù, bí ẹni pé mi ò mọ ibi tí gbólóhùn ń parí sí. Bí a bá ti kọ ojú ewé kan tán, á ní kí n kà á. Bí mo bá kà á tán, á ní kí n pa ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ́. Lọ́jọ́ kan, a lo wákàtí méjì lórí bóyá kí ó kọ pé ohun kan “hàn” tàbí pé ó “dà bí ẹni pé ó hàn.” Tíì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbóná jù. Mo máa ń gba ojú fèrèsé wo àwọn ajá tó ń sáré nínú pápá níta, mo ń jowú wọn. Bí mo bá sì mí kanlẹ̀, á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ń lé ọ?” Ebi ló ń lé mi. Bọ́ọ̀sì ló ń lé mi. Mi ò sọ ọ́.

Ohun tó kó mi sí wàhálà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé àtijọ́ náà. Ojú Bàbá ò lè rí àwọn nọ́ńbà ìlà mọ́, ó wá kó àwọn ìwé tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi pé kí n máa bá òun yẹ̀ wọ́n wò nílé. Mo máa ń ka wọ́n nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn páálí bàtà, bí mo bá ń jẹun ọ̀sán. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni mo ti bá Mẹ́dọ́nì kan pàdé tí mo fẹ́ràn. Akéde ààfin ni. Ọba ìlú náà ti lọ ogun, kò padà fún ogún ọdún, àwọn ọkùnrin wá ya bo ààfin, wọ́n ń du ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ní àjẹrun. Akéde yìí ń sìn wọ́n torí pé kò sí ohun tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa ọmọ ọba, ó gba ẹ̀yìn lọ sọ fún ìyá ọmọ náà. Nígbà tí ọba wá padà dé, tó sì ń pa àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, akéde sá sábẹ́ àga, ó fi awọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó bo ara rẹ̀. Ọmọ ọba ló bẹ̀bẹ̀ fún un, ó ní ó máa ń tọ́jú òun nígbà tí òun wà ní kékeré. Akéde wá ti abẹ́ àga jáde, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó lọ jókòó síta níbi tí ẹ̀jẹ̀ ò sí.

Wọn ò pa á. Mo tún ojú ewé náà kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mo ti tẹ ohun mìíràn sínú kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá ti pè é fún mi pé akéde náà kú pẹ̀lú àwọn yòókù, òun gan-an sì ni òpómúléró gbogbo àlàyé rẹ̀: ẹni tó ń jẹ́ alákòóso, tó jẹ́ ìránṣẹ́, tó kú ikú ìránṣẹ́. Nígbà tí mo padà dé Mayesbrook lọ́jọ́ Thursday, mo wá káàdì rẹ̀ nínú páálí, mo sì rí ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Káàdì mìíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, láti inú ewì ará Róòmù kan tó gbé ayé lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó kọ ọ́ bíi lẹ́tà tí ìyàwó ọba náà fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Nínú lẹ́tà yẹn, obìnrin náà ka Mẹ́dọ́nì mọ́ àwọn tó ń dù ú, ó tún pè é ní ìkà. Akéde tó gba ọmọ rẹ̀ là, ìwé kan péré ló kọjá sínú rẹ̀, ó di ìkà. Bàbá wá so káàdì méjèèjì pọ̀ nígbà kan. Gbogbo àwọn tó ń du obìnrin náà ló kú. Mẹ́dọ́nì wà lára wọn. Mẹ́dọ́nì kú nìyẹn.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ o. Mo tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ìgbà tí mo ti wọlé títí mo fi gbé tíì dé, mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ bí ìbéèrè, bí wọ́n ṣe tọ́ wa.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Akéde yìí, ṣé wọ́n pa á lóòótọ́?”

Bàbá gbé orí sókè. “Ta ló ń kọ́ ta?”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Thirty years ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yẹn. Àwọn kan nínú wọn ti di judge. Tẹ ohun tí mo wí.”

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo tẹ ohun tó wí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà bí mo ṣe ń lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni, ó ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

“Sister, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “just type ohun tó bá sọ. BP rẹ̀ ti ga jù. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Let him be happy.”

Mo sọ fún Ìyá Ìjọ náà. Ìyá Ìjọ ní ṣé èmi tí mo ń ta bàtà ni màá wá sọ fún àgbà olùkọ́ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́ láti bú mi, bí ayé ṣe rí lójú tirẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà tù mí lára, torí pé mo ti ń wá ẹni tó máa sọ pé kí n dákẹ́. Ó sú mi. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà tán, kí n lè máa lọ sílé mi ní ọjọ́ Tuesday bí ọmọ ènìyàn. A fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ nígbà tí oṣù kìíní ku ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá fi ìka tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀, ó dì mọ́ ọwọ́ mi, ó sì gbàdúrà fún mi pẹ́ títí, mo sì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Èsì dé nígbà tí òdòdó ti ń yọ létí pápá. Ìwé gidi ni wọ́n fi ránṣẹ́, nínú àpòòwé, torí pé Bàbá ti sọ fún wọn pé íméèlì ò wu òun. Ọmọ rẹ̀ ti ṣí i. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí, ó ní wọn ò gbà á. Ó ní ojú Bàbá ti burú débi pé kò lè ka ìlà kan mọ́, èmi ló sì ń dúró dè láti àárọ̀ pé kí n wá kà á fún òun.

“Ẹ sọ pé wọ́n ṣì ń wò ó,” ó ní. “Ẹ fi ọ̀rọ̀ dídùn sí i. By the time tó bá tún béèrè, a ó ti rí nǹkan sọ.”

Mo jókòó síwájú Bàbá. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀ nítorí lẹ́tà náà. Mo ṣí i, ó sì burú ju bí mo ṣe rò lọ, torí pé ẹni tó kọ ọ́ kò bú u rárá. Ó yìn ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tún wà láyé tó ń ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ní akéde náà ò kú, ó sọ ìlà tí ó wà, ó ní níwọ̀n bí àlàyé náà ti dúró lórí ikú yẹn, àwọn ò lè tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo wo Bàbá nínú kóòtù yẹn. Ó rọrùn láti parọ́ fún un ju láti fún un ní omi lọ, ohun tí kò sì jẹ́ kí n ṣe é ni pé ọ̀rọ̀ náà ti sú mi dé gbogbo ara. Mi ò lè gbé àṣírí mìíràn mọ́. Mo ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú kọ́mà àti fúlísítọ́ọ̀pù rẹ̀.

Bàbá ní kí n mú ìwé tí akéde náà wà nínú rẹ̀, kí n ka ibẹ̀ sétí òun. Mo mọ ojú ewé náà lórí, mo ṣí i láìwá a, ibẹ̀ ló ti mú mi.

“O mọ̀,” ó ní.

“Mo mọ̀, sà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ṣáájú Kérésì, sà.”

Mo ti ń fi eékún balẹ̀ láti tọrọ àforíjì nígbà tó na ọ̀pá rẹ̀ mọ́ mi, kì í ṣe láti nà mí, láti dá mi dúró ni.

“Má kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn náà ló bà á jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé ohun tó wà nínú ìwé ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe ohun tí tíṣà sọ. O rí i nínú ìwé, o fi ojú ara rẹ kà á, o wá gba èmi afọ́jú gbọ́.”

Ọmọ rẹ̀ ní, “Daddy, it's not her fault. Èmi ni mo ní kó má sọ.”

“Ìwọ mọ BP,” Bàbá dá a lóhùn. “Òun ló mọ Mẹ́dọ́nì.”

Ó bínú sí mi lọ́jọ́ náà ju bí baba tó bí mi ṣe bínú sí mi rí lọ. Ó ní mo tan òun jẹ. Ó ní gbogbo “ẹ jọ̀ọ́ sà” tí mo ń pè, ọ̀lẹ ni mo fi bò mọ́lẹ̀. Mo bínú padà o, mi ò ní tan ọ́. Mo sọ fún un pé mo béèrè, pé òun ló jágbe mọ́ mi. Ó ní, “Béèrè? Èmi ni o bi. Ṣé èmi ni ìwé náà?” Mo gbé báàgì mi, mo jáde láìkí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Mayesbrook dé Gascoigne nítorí pé mi ò fẹ́ jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú títì. Mo ní aláìmoore ni. Mo ní kò sanwó fún mi, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àdúrà nìkan ló gbà. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí kíréènì ńlá àwọn tó ń wó ilé ní Gascoigne wà, ìbínú náà ti ń yọ́, ohun tó wá kù sí mi nínú ò dára. Mo rántí pé akéde yẹn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó ń bà á, ohun tó gbọ́ ló lọ sọ. Abẹ́ àga tó sá sí, ẹ̀yìn ìgbà tó ti sọ̀rọ̀ tán ni. Èmi sá sábẹ́ àga láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wá ń pe ibẹ̀ ní ọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ. Bàbá ti gbé páálí náà sórí tábìlì, ó ti tú okùn rẹ̀, kò sì bá mi sọ ohun kankan nípa ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n mú káàdì àkọ́kọ́, kí n kà á, kí n wá mú ìwé tó ti jáde wá, kí n kà á, kí n wá sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. “Kì í ṣe ‘ẹ jọ̀ọ́ sà,’” ó ní. “Ó rí bẹ́ẹ̀, tàbí kò rí bẹ́ẹ̀.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nìyẹn, káàdì lẹ́yìn káàdì, títí ìgbà oòrùn fi dé, tí a sì ń làágùn nínú ooru híítà yẹn. Má rò pé Bàbá yí padà di ẹni ìrọ̀rùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ pé “kò rí bẹ́ẹ̀,” ohùn mi ò jáde dáadáa, ó sì bá mi jà lórí rẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ó tó gbà. Nígbà kejì ó pè mí ní olóríkunkun. Nígbà tó di ìgbà kẹfà, èmi náà ti ń jà padà, ọmọ rẹ̀ á yọjú láti ilé ìdáná wò wá, á mi orí, á padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. BP Bàbá kò gòkè. Ọmọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ kan nítorí kò gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń ṣe iṣẹ́ òdì yẹn kò dúró mọ́. Bàbá gé e kúrò fúnra rẹ̀, ó sì dùn ún, mo rí i pé ó dùn ún, torí pé ó pẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó kù kò ju ojú ewé méjì lọ, lórí akéde yẹn nìkan: bí ẹni tó kìlọ̀ nínú ìwé kan ṣe di ìkà nínú ìwé mìíràn, àti bí òun alára, tó ka ìwé méjèèjì, ṣe jẹ́ kí ẹ̀sùn ìwé kejì pa ẹni tí ìwé àkọ́kọ́ dá sí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òun ló ṣìnà. Mo ní ṣé kò ní tì í lójú. Ó ní ohun tó lè ti òun lójú ti kọjá nínú oṣù kejì. Wọ́n gbà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà máa fi dé, Bàbá ò rí nǹkan kan mọ́ rárá. Ó ní kí n gbé ìka òun lé ibi tí orúkọ òun wà. Mo gbé e síbẹ̀. Ó pẹ́ tó fi ń fi ìka náà ra á, bí ẹni pé tàdáwà lè yọ sí ìka. Mo bú sẹ́kún, ó sì ní kí n jọ̀ọ́ gbé ìwé náà kúrò nítòsí kí omijé má bà á jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rò ó pé ká ní mo fẹnu sọ ohun tí mo mọ̀ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n ni, ojú rẹ̀ ì bá rí orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni. Èmi ni mo gba oṣù mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi méjèèjì nílẹ̀ àti ohùn pẹ̀lẹ́, gbogbo ènìyàn sì ní mo ṣe dáadáa. Ó ṣì ń ká mi lára. Nísinsìnyí, bí àwọn àgbà ìjọ bá ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé, mo máa ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé London ti bà mí jẹ́. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò nílùú yìí nígbà yẹn, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n ń pè mí ní darling, wọ́n ń na ẹsẹ̀ sí mi kí n wọ bàtà fún wọn, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó retí pé mo mọ nǹkan kan. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló retí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi bínú sí mi tó bẹ́ẹ̀.